Ìfẹ́, Ewì àti Ṣọ́bìrì Méjì

Basement yín,
Àdúgbò Temple, Calgary.
Àárọ̀ Sátidé.

Lukmọn Àjàní, ọmọ mi àtàtà,

Nígbà tí ìwọ àti Mahnaz ìyàwó wa bá máa fi ti orí òkè tí ẹ lọ ṣe fàájì dé, èmi yóò ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sílé, n óò máa bá ẹni tó jókòó tì mí du ibi tí a ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Orí tábìlì ìdáná ni mo fi ìwé yìí sí, lábẹ́ agolo ṣúgà, torí mo mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ wá nìyẹn. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà, ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń gbà nímọ̀ràn, kí n wá gba tèmi náà nímọ̀ràn kí n tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo kí ẹ kú oríire. Mo kí ara mi náà. A borí, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí Bàbá Mahnaz ti fọwọ́ sí i ni mo ti ń rìn kiri inú ilé yìí bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, ẹsẹ̀ mi sì rèé, tí ó ń dùn mí látọdún tó kọjá, kò dùn mí mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ojú rẹ wà nílẹ̀ ní tìrẹ, o ò rí ohun tí àwa rí.

O mọ̀ pé Bàbá Mahnaz kò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ó sin ìyàwó rẹ̀ sí Shiraz ní Iran, ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí ló sì mú jáde kúrò níbẹ̀. Tíṣà ni òun náà bíi tèmi, ewì ilẹ̀ Páṣíà ló fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ó sọ fún Mahnaz pé òun yóò gbà wá lálejò lẹ́ẹ̀kan. Bí òun ò bá rí ìfẹ́ tòótọ́ lára ọmọkùnrin náà, kí ó má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Mahnaz sì ti sọ fún ìwọ pé òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni tí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí o kò fi jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí o ń rìn yípo basement, tí o ń há ewì Páṣíà àtijọ́ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ojú rẹ̀ bí òṣùpá, ìdúró rẹ̀ bí igi sáípírẹ́sì. Mo ní, “Àjàní, ṣé o ti rí igi sáípírẹ́sì rí?”

O ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, it's a metaphor.”

Mi ò bá ọ jiyàn. Ìdí ni pé mo ti jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn rí. Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá rẹ ní Ìwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kíkà ní ilé-kéú àgbà ni, mo sì gbà pé kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ Lárúbáwá tó mi láti Ìwó títí dé Mẹ́kà. Mo to ewì jọ fún un lédè Lárúbáwá, mo tún túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo lọ bá a lẹ́yìn ilé wọn níbi tó ti ń pọn omi, mo kà á sí i létí. Mo ní ojú rẹ̀ dà bí ojú àgbọ̀nrín inú aṣálẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí.

Ó ní, “Bàbá mi pa àgbọ̀nrín kan lánàá. Orí rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò. Ṣé kí n lọ gbé e wá, kó o fi ojú rẹ̀ wé tèmi?”

Mo ní àgbọ̀nrín inú aṣálẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe ti inú igbó.

Ó ní, “Ta ló gbé ẹ dé aṣálẹ̀?”

Ọmọ mi, mi ò tíì kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ojú tì mí, mo fẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé korobá tó fẹ́ gbé wúwo, mo bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sá. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé korobá yẹn lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ewì.

Ọmọ Sudan kan tí a jọ ń kọ́ni ní Ìlọrin ló wá là mí lójú. Ó máa ń kó ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ wá láti Cairo àti Beirut, ewì àwọn akéwì tuntun kún inú wọn. Mo ṣí ọ̀kan, mo bínú. Ìlà ewì tí a mọ̀ ní ìdajì méjì tó dọ́gba ni wọ́n ti fọ́ yángá. Ìlà kan gùn, èkejì kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Olólùfẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe òṣùpá, kì í ṣe òdòdó rósì, obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò ni. Mo ní èyí kì í ṣe ewì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ọmọ Sudan náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ̀lẹ́bí, ṣebí o ní ìyàwó nílé? Èdè wo lẹ fi ń fẹ́ra yín, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?”

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn náà, ti Lárúbáwá ní ojú ìwé wọn, ti Páṣíà nínú ìtumọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohun tí mo kà yóò wúlò fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì àna mi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà.

O rántí pé ẹnu ọ̀nà la ti kọ́kọ́ há. Bàbá Mahnaz ní kí n máa wọlé lọ, mo ní kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ nilé, ẹ ṣíwájú. Ó ní rárá o, àlejò ni yóò ṣíwájú. Òtútù ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ láìdúró de ìyọ̀ǹda ẹnì kankan. Ẹ̀yìn mi ni Dókítà wà, alága àwọn Yorùbá ìlú yìí, tí o ní kó bá wa ṣe agbẹnusọ, agbádá lórí kóòtù, kóòtù lórí súwẹ́tà. Òun ló tì mí wọlé níkẹyìn, ó ní àwọ̀ ojú òun ti ń gan.

Bí a ṣe wọlé, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ti sọ fún Bàbá Mahnaz? Ó rò pé òtútù ló dá ọ wó. Ó kúnlẹ̀ wìì, ó dì ọ́ mú ní èjìká, ó ń wá bí yóò ṣe gbé ọ dìde. Ìwọ, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé, o ò dìde, o ń retí kó súre fún ọ. Èmi wo àna mi lórí ìkúnlẹ̀, mo wo ara mi lórí ìdúró, ara mi kọ̀ ọ́, mo kúnlẹ̀. Dókítà náà ò lè dá nìkan dúró bí òpó iná, ó fi agbádá balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìró orúnkún. Bàbá Mahnaz rí i pé gbogbo àlejò òun ti wà nílẹ̀. Ní àṣà tiwọn, onílé kò gbọdọ̀ dìde ṣáájú àlejò. Ní tiwa, ará ilé ọkọ kò gbọdọ̀ dìde ṣáájú bàbá ìyàwó. A wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mahnaz gbé tíì wọlé. Ó wò wá títí.

Ó ní, “Bàbá, kí lẹ ń wá?”

Ó gbé àwo tíì kalẹ̀ sáàárín wa, òun náà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún wa. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà nínú ara mi pé bí ọmọ yìí kò bá di ìyàwó wa, àwa la máa pàdánù.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìgbà àwọn ọba Páṣíà àtijọ́. Ó ṣàlàyé ewì Páṣíà fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni ní ewì Páṣíà. Ó sọ “paradigm” títí ọ̀rọ̀ náà fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá Mahnaz ń mi orí pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Lẹ́yìn náà, ìwọ ka òṣùpá rẹ àti sáípírẹ́sì rẹ. O kà á láìsí àṣìṣe. Bàbá náà ní, “Ẹ ṣeun púpọ̀,” ó sì wo inú ife tíì rẹ̀. Èmi tíṣà mọ ojú yẹn. Ojú tí mo máa ń fi wo ìwé ọmọ tó kọ ohun tí mo sọ ní kíláàsì padà fún mi lọ́rọ̀ kan dé èkejì ni. Mahnaz náà mọ̀ ọ́n. Mo rí i tó gbé ọwọ́ kúrò lára kẹ́tùlù.

Ìgbà náà ni bàbá náà gbé ife kalẹ̀, ó bá ọ sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí àwọn akéwì tó ti kú sinmi. Sọ ohun kan fún mi nípa Mahnaz, ohun tí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ kò lè mọ̀.”

Àjàní, mo ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Jẹ́ kí n kọ ohun tí o sọ síbí, torí mo mọ̀ pé o ti gbàgbé bó ṣe rí.

O ní, “Sà, tí ó bá ń ṣe é bíi kó sunkún, ó máa ń jáde lọ kó snow kúrò lójú ọ̀nà. Kì í bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé yín, kí ẹ má baà rí ojú rẹ̀. Iwájú ilé Màmá Doris, ìyá àgbà tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò bi í rí pé kí ló dé. Mo kàn máa ń lọ mú ṣọ́bìrì tèmi nínú ilé mi lójú títì kan náà, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì. Tí a bá fi máa pàdé láàárín, ó ti sunkún tán.”

Mahnaz fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó jọ pé ọ̀pọ̀ àárọ̀ ló ń padà wá sí i lójú, tó jókòó sínú ilé tó rò pé inú ọmọ òun dùn níta.

Ó ní, “Ta ló kọ ìyẹn?”

O ní, “Kò sẹ́ni tó kọ ọ́, sà.”

Ó ní, “Ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ ọ́.” Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ọmọbìnrin mi kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín.”

Dókítà gbọ́wọ́ lé mi lápá, ó ní, “Alàgbà, wọ́n ti fi ọgbọ́n kọ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Mo ní, “Dókítà, ẹ jókòó. Tí wọ́n bá ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín nílé, ṣé ẹ kì í sọ pé ọmọ yín ò mọ nǹkan kan ṣe, pé kí wọ́n bá yín kọ́ ọ? Wọ́n ti fún wa.”

Wọ́n ti fún wa lóòótọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà títí dé ọjọ́ yìgì yín, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni èmi àti Bàbá Mahnaz jọ ń jókòó. Ó ka ewì tuntun ilẹ̀ rẹ̀ fún mi, èmi ka ti Lárúbáwá fún un, a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó gé sí wẹ́wẹ́ túmọ̀ fún ara wa. Ìmọ̀ràn tí n óò gbà ọ́, ibẹ̀ ni mo ti kó o jọ, ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ ló sì jẹ́ kó yé mi.

Èkíní, má gbé ìyàwó rẹ sórí òṣùpá. Òkè ibẹ̀ jìnnà, òtútù rẹ̀ sì ju ti Calgary lọ. Àwọn akéwì àtijọ́ fẹ́ràn olólùfẹ́ tó jìnnà, tó ń ṣe wọ́n níkà, torí ẹni tó jìnnà kì í béèrè pé ta ló fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀. Àwọn ti ayé òde òní sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fún un ní orúkọ, ní bàtà tó jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn kan sọ pé wọ́n ba ewì jẹ́. Èmi gbà pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ obìnrin. Ohun tí o rí lára Mahnaz láti ìpẹ̀kun kejì yẹn, máa rí i lọ.

Èkejì, jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọkùnrin fi ń dá nìkan sọ̀rọ̀ nínú ewì ìfẹ́, tí obìnrin inú rẹ̀ kàn ń tú irun rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ní Iran àti ní ilẹ̀ Lárúbáwá gba kálámù, tí wọ́n kọ ọ́ pé èmi ni mo fẹ́, èmi ló ń dùn, èmi ló sú, ariwo ta. Wọ́n pè wọ́n ní aláìnítìjú. Nígbà tí Bàbá Mahnaz ń kà wọ́n ní Shiraz, inú dúrọ́ọ̀ ni ó ń fi ìwé wọn pamọ́ sí. Mo bi í pé ta ló ń sá fún. Ó ní ìyá Mahnaz. Ó ní ọjọ́ tí ìyá náà rí i, ó jókòó, ó kà á tán, ó wá ní, “Ìwọ fi odindi obìnrin pamọ́ fún mi nínú dúrọ́ọ̀?” Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin wọn kì í fi gba kí wọ́n bá òun dáhùn. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá bi í ní nǹkan nílé yín, má ṣe dá a lóhùn fún un. Mo rí ọ tó o fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ yìgì. Ó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo rí ìyẹn náà.

Kò pẹ́ tí èmi àti Bàbá Mahnaz fi rí ohun kan tó yà wá lẹ́nu. Nínú ewì tirẹ̀ àti nínú ewì tèmi, ó máa ń ṣòro láti mọ̀ bóyá obìnrin ni akéwì ń pè àbí ìlú rẹ̀. Ìfẹ́ méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ń fi ọwọ́ pa orúkọ ìlú rẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa irun olólùfẹ́. Nítorí náà, tí Mahnaz bá dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí ojú rẹ̀ jìnnà, má jowú, má sì ní kó rẹ́rìn-ín nítorí rẹ. Shiraz ló lọ. Yóò dé. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a fi tẹlifóònù pe ilé tí ìyá rẹ gbé e sún mọ́ adìẹ tó ń ké. Adìẹ lásán.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ má bi mí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Àwọn akéwì òde òní yìí kò jẹ́ kí ìfẹ́ parí sórí ibùsùn. Akéwì kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú obìnrin kan, kó tó dé ìsàlẹ̀ ewì, ó ti ń béèrè pé kí ló dé tí ilé kejì kò rí búrẹ́dì jẹ, kí ló dé tí ọmọ aládùúgbò wà lẹ́wọ̀n. Nígbà kan, mo rò pé ìṣèlú ló ń dí wọn lọ́wọ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ tó la ojú rẹ sí ẹnì kan, tó wá di ojú náà sí gbogbo àwọn yòókù, kò tíì là á dáadáa. Níwájú ilé Màmá Doris ni ìwọ àti Mahnaz ti ríra. Ọjọ́ tí ẹ bá ra ilé ńlá tí ẹ ń sọ, tí ẹ ní gáréèjì, tí ẹ̀rọ ń bá yín fẹ́ snow lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ rántí ibi tí ẹ ti pàdé.

Èyí tó kù kéré. Tí ẹ bá ń jà, má ka ewì sí i létí, má sì sọ̀rọ̀ bíi ti ìròyìn iṣẹ́ tí o ń kọ fún ọ̀gá rẹ. Mo gbọ́ tí o sọ fún un lẹ́yìn yìgì pé “we need to optimize the kitchen.” Bí ìyá rẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi, inú basement ni mo máa sùn. Má sì jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní Ẹnjiníà nínú ilé rẹ. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti gbà ọ́ sí ẹnjiníà. Lukmọn ni Mahnaz fẹ́.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ lórí tẹlifóònù lánàá, títí kan ìbéèrè bàbá náà. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí lo mọ̀ nípa tèmi?”

Ọmọ mi, gbogbo ìwé tí mo kà fò lọ. Mo ní, “Tí mo bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, o máa ń ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́, kí n lè wá jókòó tì ẹ́.”

Ó ní, “Ó tó ìgbà tó o kúrò lórí àgbọ̀nrín.” Ó ní kí n tètè máa bọ̀.

Torí ìyẹn ni mo ṣe ń lọ lónìí, kì í ṣe torí òtútù. Snow rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ yìí, mo mú ṣọ́bìrì rẹ, mo kọrí sí iwájú ilé Màmá Doris. Mo bá Bàbá Mahnaz níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì Mahnaz lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ sinmi, àgbà ni mí. Mo ní òun gan-an ló yẹ kó sinmi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí èmi bẹ̀rẹ̀. A ṣì dúró níbẹ̀, snow ń rọ̀ lé wa lórí, kò sẹ́ni tó tíì kó ohunkóhun, nígbà tí Màmá Doris ṣílẹ̀kùn. Ó ní, “Gentlemen, ẹ lè máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ara yín tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́.” Bàbá Mahnaz wò mí. Ó lọ sí ìpẹ̀kun kan, èmi lọ sí èkejì. A pàdé láàárín.

Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ yín. Túmọ̀ ìwé yìí fún Mahnaz títí kan ibi tí mo ti bú ọ, má sì fò ó.

Ṣọ́bìrì méjèèjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti nù wọ́n gbẹ. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Bàbá rẹ tó ń yangàn lórí rẹ káàkiri Temple,
Alàgbà Tíṣà.